Iná Ororo-1: Ọjọ́ Tí Kò Ní Ìlà Nínú Àtẹ Sátẹ́láìtì

Iná Ororo-1 máa ń wọ inú ìròyìn nígbà tí oṣù karùn-ún ọdún bá yí ká, nítorí pé ní oṣù karùn-ún ọdún 2020 ni kànga epo náà, tí ó wà lójú òkun níwájú Awoye ní etíkun Ìlàjẹ, bú gbàmù tí ó sì gbiná. Àwọn ará Ìlàjẹ, láti Ùgbò dé Màhìn, láti Ahẹ́rì dé Etíkàn, mọ ìtàn náà dé góńgó, n kò sì ní í tún un sọ. Ohun tí ó gbà mí lọ́kàn ni gbólóhùn kan tí àwọn tí ń jiyàn lórí iná náà máa ń gbé kalẹ̀ bí ẹni pé ó ti parí ẹjọ́, èyíinì ni pé kí á lọ wo ohun tí sátẹ́láìtì rí. Kí á tó lọ wò ó, ó yẹ kí á mọ irú ojú tí sátẹ́láìtì fi ń ríran, irú ẹnu tí ó fi ń fọhùn, àti ohun tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ń ṣe sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó tó di àwòrán inú ìwé ìròyìn.

NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ètò kan tí ń jẹ́ FIRMS, tí ń kéde ibi tí sátẹ́láìtì bá ti rí iná lórí ilẹ̀ ayé láàrin nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta tí ó bá ti kọjá. Lára àwọn sátẹ́láìtì tí ń ṣiṣẹ́ fún un ni Suomi NPP, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sójú sánmà ní ọdún 2011, àti NOAA-20 tí ó tẹ̀lé e ní ọdún 2017. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwòran tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ VIIRS, wọ́n sì ń gba orí ilẹ̀ wa kọjá ní nǹkan bí aago kan ààbọ̀ ọ̀sán àti aago kan ààbọ̀ òru. Ooru ni VIIRS ń wọ̀n. Ó pín ojú ayé sí igun kéékèèké tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 375, bí igun kan bá sì gbóná ju àwọn tí ó yí i ká lọ lọ́nà tí ó ṣàjèjì, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé iná wà níbẹ̀. Nítorí náà ìlà kan nínú àtẹ FIRMS kò dọ́gba pẹ̀lú iná kan: ooru iná kan ṣoṣo lè tàn dé igun mẹ́ta, sátẹ́láìtì méjì sì lè rí i ní òru kan náà, kí ó fi di ìlà mẹ́fà, ẹni tí ó bá sì ka ìlà mẹ́fà yìí tí ó kéde iná mẹ́fà ti purọ́ mọ́ òkun láìmọ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà béèrè àtẹ náà tọ́ kí á dúró lé lórí díẹ̀. FIRMS ṣí ẹnu ọ̀nà kan sílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní API, níbi tí kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni ti lè bá kọ̀ǹpútà NASA sọ̀rọ̀ ní tààràtà. Bí ìyá olóúnjẹ kan ní Òkìtìpupa bá ránṣẹ́ sí ẹlẹ́ja rẹ̀ ní ọjà Igbókòdá, kò ní í sọ pé kí ó fi ẹja ránṣẹ́ kí ó sì dákẹ́. Yóò dárúkọ ẹja, yóò sọ bí ó ti fẹ́ kí ó tóbi tó, iye tí ó fẹ́ àti ọjọ́ tí ó fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè API rí. Àdírẹ́sì gígùn kan ni, tí a pín sí ìsọ̀rí: kọ́kọ́rọ́ ìdánimọ̀ tí FIRMS ń fún ni lọ́fẹ̀ẹ́, orúkọ ẹ̀rọ sátẹ́láìtì, ààlà ilẹ̀ tí à ń béèrè nípa rẹ̀, iye ọjọ́ àti ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ tí ó jókòó sí Etíkàn pẹ̀lú kọ̀ǹpútà àgbélétan àti íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù lè kọ àdírẹ́sì yìí ní èdè Python, tí Guido van Rossum gbé jáde ní ọdún 1991, kí ó sì fi pandas, irinṣẹ́ tí Wes McKinney bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 2008, gba èsì náà wọlé, tí gbogbo rẹ̀ kò ní í ju ìlà kóòdù mẹ́ta lọ. Ìrọ̀rùn yìí ni ó ń tan ènìyàn jẹ.

Ẹ wo ààlà ilẹ̀ náà ná. API fẹ́ kí á kọ́kọ́ dárúkọ ìwọ̀-oòrùn, kí gúúsù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ìlà-oòrùn àti àríwá, nígbà tí àtẹ tí ó ń dá padà máa ń fi òṣùwọ̀n àríwá ṣáájú. Awoye wà ní nǹkan bí òṣùwọ̀n 5.9 sí àríwá àti 5.0 sí ìlà-oòrùn. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n ìlú London sódì, ojú agbami ni a ó bá ara wa, àṣìṣe náà yóò sì tú ara rẹ̀ fó. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ti Awoye sódì, ìpínlẹ̀ Bayelsa ni a ó gúnlẹ̀ sí, níbi tí iná gáàsì wà pẹ̀lú, tí àtẹ tí ó kún fún iná yóò sì tẹ̀ wá lọ́wọ́ láìsí ìlà kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ti Ìlàjẹ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni àtúntò. Hadley Wickham, ọmọ ilẹ̀ New Zealand, tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 2014 tí ó fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀: kí ohun kọ̀ọ̀kan tí a wọ̀n ní òpó tirẹ̀, kí ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a wọ̀n ọ́n sì ní ìlà tirẹ̀. FIRMS pa ìlànà yìí mọ́, síbẹ̀ iṣẹ́ ṣì kù. Nínú òpó tí ń jẹ́ acq_time, a lè bá 36 pàdé. 0036 ni, tí òdo méjì iwájú rẹ̀ ti já sọnù, ó sì túmọ̀ sí aago méjìlá òru kọjá ìṣẹ́jú 36 ní àkókò àgbáyé, èyí tí í ṣe aago kan kọjá ìṣẹ́jú 36 ní Etíkàn. A ní láti dá òdo wọ̀nyí padà, kí á sì fi wákàtí kan kún un, kí ó tó bá ohun tí apẹja rí lójú omi lóru mu. Bẹ́ẹ̀ sì ni àkójọ ìgbà pípẹ́ ní òpó kan tí ń fi 0 sàmì sí iná igbó, tí ó sì ń fi 3 sàmì sí iná ojú òkun, ṣùgbọ́n àtẹ tí ó dé láàrin wákàtí mẹ́ta kò ní òpó yìí rárá. Ẹni tí ó bá kánjú kò ní í lè fi àmì yìí ya iná tí àgbẹ̀ dá sóko lẹ́yìn Etíkàn nígbà ẹ̀rùn kúrò lára iná tí ń jó lórí omi.

Gbogbo èyí kò le tó ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí kò ní ìlà, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣìnà. Bí a bá béèrè nípa ọjọ́ kan nínú oṣù keje, API lè fi 200 dáhùn, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ìbéèrè dé, ìdáhùn sì ti jáde, kí á wá ṣí àtẹ náà kí á má bá nǹkan kan níbẹ̀ ju orúkọ àwọn òpó lọ. Ó lè jẹ́ pé iná kú lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé ó rẹlẹ̀ ju ohun tí VIIRS lè mọ̀ lára lọ. Ó sì lè jẹ́ pé ìkùukùu bò ó, nítorí pé VIIRS kì í rí ohun tí ó wà lábẹ́ ìkùukùu tí ó ki, gbogbo wa ni a sì mọ bí sánmà etíkun Ìlàjẹ ti ń rí nígbà òjò. API kò sọ èyí tí ó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí ń tún àtẹ tò yóò fẹ́ ya àwòrán oṣù sí oṣù, yóò rí àlàfo, yóò sì kọ fillna(0), ọ̀rọ̀ kúkúrú kan tí ń sọ fún pandas pé kí ó fi òdo dí gbogbo àlàfo. Lójú ẹsẹ̀ ni "a kò rí i" yóò di "kò sí". Àwòrán tí yóò jáde á dán, á sì yé ọmọdé: iná ń lọ sílẹ̀ nígbà òjò, ó ń gbérí nígbà ọyẹ́. Ìtàn ìkùukùu ni àwòrán náà lè máa pa fún wa, tí àwa rò pé ìtàn iná ni.

Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹlẹ́rìí kan ni sátẹ́láìtì, ẹ̀rí rẹ̀ kò sì wúwo bákan náà lápá méjèèjì. Nígbà tí ó bá sọ pé òun rí iná ní ibi báyìí ní òru báyìí, mo gbà á gbọ́, pàápàá bí ìlà náà bá ń padà sí ojú kan náà léraléra. Nígbà tí ó bá dákẹ́, n kò rò pé ó yẹ kí ilé iṣẹ́ epo tàbí ìjọba kankan ka ìdákẹ́jẹ́ náà sí ẹ̀rí pé ewu ti kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí àwa tí a wà ní ìhà àwọn ará etíkun ka pípọ̀ ìlà nígbà ẹ̀rùn sí ẹ̀rí pé iná ń burú sí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí kì í ṣe eré ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ gba orí pèpéle epo Parabe ti ilé iṣẹ́ Chevron lójú òkun, sójà dé, ẹ̀mí méjì sì lọ. Wọ́n gbé Chevron lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, nígbà tí ìgbẹ́jọ́ sì parí ní San Francisco ní ọdún 2008, ti Chevron ni ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ṣe. Àwọn tí ó ti rí irú èyí mọ̀ pé ohun tí a bá gbé lọ síwájú adájọ́ gbọ́dọ̀ lè fara da ìbéèrè agbẹjọ́rò, a kì í sì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Àtúnṣe wà, bí ó tilẹ̀ ń ná ni ní dátà ju ìlà kóòdù mẹ́ta lọ. NASA ní fáìlì tí ó kún jù, èyí tí àtẹ FIRMS ti jáde wá, tí ó fi nọ́ńbà sí gbogbo igun tí sátẹ́láìtì wò, ìbáà gbóná, ìbáà má gbóná: 3 fún omi tí kò sí iná lórí rẹ̀, 4 fún ìkùukùu, 7 sí 9 fún iná, láti èyí tí kò dájú dé èyí tí ó dájú. Bí ọ̀dọ́ wa ní Etíkàn bá gba fáìlì yìí fún òru kọ̀ọ̀kan, tí ó sì wo igun tí Ororo-1 wà, yóò lè fi òpó kan kún àtẹ rẹ̀, kí ó kọ "iná" sí òru tí a rí i, "omi lásán" sí òru tí sánmà mọ́ tí a kò sì rí i, àti "ìkùukùu" sí òru tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ. Lẹ́yìn náà kí ó ka oṣù kọ̀ọ̀kan láàrin irú òru méjì àkọ́kọ́ yìí nìkan, kí ó sì kọ iye òru ìkùukùu sí abẹ́ àwòrán rẹ̀ níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rí i.