WNDC, IICC, 3SC: Orúkọ mẹ́ta, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo

Bí àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù bá bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Bùkún tàbí ní Kàbà, bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á dárúkọ Ìbàdàn. Àwọn bàbá á ní IICC làwọn mọ̀. Ẹni tó dàgbà jù wọ́n lọ á ní rárá o, WNDC ni. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn, 3SC ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ẹgbẹ́ kan náà ni. Bí ẹni tó ń bọ́ ọ bá ti yí padà ni orúkọ náà ń yí padà.

WNDC ni Western Nigeria Development Corporation, ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ tó ń bójú tó oko ńláńlá àti àwọn ilé iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀. Orúkọ yìí ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ nígbà tó gba ife-ẹ̀yẹ Challenge Cup ní 1971. Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó, ìyẹn IICC, gbà á, wọ́n sì ń pè é ní IICC Shooting Stars. Lónìí, Shooting Stars Sports Club ni orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. S mẹ́ta àti C kan ni, ibẹ̀ ni 3SC ti wá.

Kí ló dé tí ilé iṣẹ́ ayánilówó fi ń kó agbábọ́ọ̀lù jọ? Ṣé ẹ rí i, ṣáájú 1990, kò sí líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní Nàìjíríà. Lórí ìwé, òṣìṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù. Ilé iṣẹ́ ló ń san owó oṣù wọn, orúkọ ilé iṣẹ́ náà ló sì máa ń wà lára ẹgbẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún New Nigeria Bank ní Benin, àti fún UNTL, ilé iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná.

Ọdún 1976 ni ayé mọ Ìbàdàn. Lọ́dún yẹn, IICC gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì tún gba ife-ẹ̀yẹ Cup Winners' Cup ti Áfíríkà. Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní Kamẹrúùnù ni wọ́n pàdé ní àṣekágbá. Wọ́n nà wọ́n ní 4-1 nílé, àwọn yẹn sì jẹ wọ́n ní 1-0 lọ́hùn-ún. Kò tíì sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife Áfíríkà rí ṣáájú wọn.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, Nàìjíríà fẹ̀yìn Àlùgẹ́ríà balẹ̀ ní 3-0 ní Èkó, a sì gba ife-ẹ̀yẹ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Láwàl gbá ẹyọ kan. Ọmọ IICC làwọn méjèèjì. Àní, Best Ogedegbe tó ṣọ́lé, IICC náà ni. Àwọn tó ń gbọ́ rédíò nígbà yẹn kò ní gbàgbé bí olóògbé Ernest Okonkwo ṣe máa ń pe Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical".

Ẹnì kan tún wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ Òkun. Ràṣídì Yẹkíní kúrò ní UNTL, ó wá sí Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ìrá ní Kwara ni ilé bàbá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni nígbà náà Kwara kan náà ni Kàbà wà, torí pé 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Yẹkíní yìí ló wá gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, lọ́dún 1994. Ó kú sí Ìbàdàn ní 2012, Ìrá ni wọ́n sì sin ín sí.

Àmọ́ egungun kan há 3SC lọ́fun: Zamalek ti Íjíbítì. Ní 1984, wọ́n pàdé ní àṣekágbá ife àwọn aṣáájú Áfíríkà. Zamalek jẹ ní 2-0 nílé wọn, wọ́n tún wá jẹ ní 1-0 ní Èkó. Ọdẹ́gbàmí kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1996, wọ́n tún pàdé. Wọ́n jẹ ara wọn ní 2-1 nílé lóko, pẹnáritì ló parí ẹ̀, Zamalek sì mú un ní 5-4. Títí di 2003 tí Enyimba gbà á, kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó rí ife yẹn gbé.

Láàárín àdánù méjèèjì, ayọ̀ wà. Ní 1992, CAF bẹ̀rẹ̀ ìdíje tuntun kan, ife-ẹ̀yẹ CAF Cup, tí Olóyè MKO Abíọ́lá fi ta wọ́n lọ́rẹ. 3SC ló kọ́kọ́ gbà á: wọ́n ta ọ̀mì 0-0 pẹ̀lú Villa ní Ùgáńdà, wọ́n sì nà wọ́n ní 3-0 nílé. Líìgì Nàìjíríà márùn-ún ni wọ́n ti gbà: 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998.

Láti 1998 ńkọ́? Kò tíì sí ìkẹfà. Ní 2017, wọ́n já wálẹ̀ láti líìgì àgbà, ó di 2021 kí wọ́n tó padà. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bọ́ ẹgbẹ́ ti ṣe pàtàkì. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni 3SC. Ẹgbẹ́ tí ìjọba bá ní, bí owó bá pẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, owó oṣù agbábọ́ọ̀lù náà á pẹ́. Bí gómìnà bá yí padà, àwọn alámòójútó lè yí padà.

Àwọn kan á ní, ẹ gbé e fún olówó. Ó dáa, àmọ́ ẹ wo Leventis United, Ìbàdàn náà ni, tó gba líìgì ní 1986. Ẹ wo Abíọ́lá Babes ní Abẹ́òkúta, tó gba Challenge Cup ní 1985 àti 1987. Olówó ló ni wọ́n. Nígbà tó sú àwọn olówó náà, ẹgbẹ́ tú ká. 3SC tí ìjọba ń fà lọ fà bọ̀ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá Lékan Sàlámì, ní Adámásìngbà.

Ohun tó yẹ kí àwọn tó ń bèèrè ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó múná ní Kogi rò nìyẹn. Kíkó ọmọ mọ́kànlá jọ kò le. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé ta ni yóò máa san owó wọn lọ́dún tí wọn ò bá gba ife kankan.