Iṣẹ́ Abẹ Ìpá: Àwọ̀n Tó Ń Yòrò àti Èyí Tí Kì Í Yòrò

Ní Ìyànà Ìyẹsí títí dé Sàngó-Ọ̀tà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń gbé ẹrù wúwo ní ilé-iṣẹ́, ìpá kì í ṣe àìsàn àjèjì. Ibi tí iṣan ikùn kò ti lágbára ni ìfun máa ń gbà yọ sábẹ́ awọ. Àgbo kì í dí ihò náà. Iṣẹ́ abẹ ni dókítà fi ń dá ìfun padà, tí á sì sábà fi àwọ̀n kékeré bo ojú ibẹ̀.

Ǹjẹ́ èyí tó ń yòrò kò ní dára ju èyí tó máa wà lára títí lọ?

Polypropylene, irú ọ̀rá tí wọ́n fi ń hun àpò ìrẹsì, ni wọ́n sábà fi ń ṣe èyí tí kì í yòrò. Ẹran ara á hù gba inú ihò rẹ̀, méjèèjì á sì di ọ̀kan. Ìdí nìyí tí ìpá kì í fi í tètè padà. Àmọ́ bí kòkòrò àrùn bá wọ̀ ọ́, ó lè gba pé kí wọ́n yọ ọ́, ìrora sì lè pẹ́ lára àwọn kan.

Èyí tí wọ́n fi polyglactin ṣe máa ń yòrò tán láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Àpá tó fi sílẹ̀ kì í lágbára tó, ìpá sì lè padà. Ìgbà tí ìdọ̀tí bá wà nínú ọgbẹ́, bíi kí ìfun ti kú, ni wọ́n sábà ń lò ó.

Nípa ti owó, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Uganda fi àwọ̀n ẹ̀fọn tí wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀ wé àwọ̀n olówó ńlá lára ọkùnrin 302. Àbájáde tó jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, ẹnì kan péré ni ìpá padà sí. Àwọ̀n ẹ̀fọn yẹn náà kì í yòrò.

Ẹ kíyè sí i: awọ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti màlúù ni wọ́n fi ń ṣe àwọn àwọ̀n kan. Polypropylene kò ní ohun ẹran nínú. Ẹ bi dókítà kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí òmíràn, tí ẹ̀mí sì wà nínú ewu, Suuratul Baqarah, aaya 173, sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ìnira bá. Ẹ bi Alfa yín.

Bí ìpá bá le, tó ń dunni, tí kò ṣeé tì wọlé mọ́, tàbí tí èèbì bá tẹ̀ lé e, ẹ sáré lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí Ọlọ́hun fún gbogbo aláìsàn wa ní ìwòsàn. Aamiin.