‘Ọkọ̀ Jámánì lágbára’: ìyàtọ̀ láàárín ohun tó tọ́jọ́ àti ohun tí kì í jáni kulẹ̀

Níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ àlòkù ní Kútọnu, àti lẹ́nu àwọn awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, gbólóhùn kan wọ́pọ̀: ‘Ọkọ̀ Jámánì lágbára.’ Ẹni tó bá ń sọ èdè Faransé á ní ‘c'est solide’. Gbólóhùn kúkúrú ni, ṣùgbọ́n owó tí ìdílé fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ lè bá a lọ. Àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn pé ìbéèrè méjì ló fara pamọ́ sínú gbólóhùn náà, pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó ya méjèèjì sọ́tọ̀, àti pé bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, a kò lè mọ ohun tí ìwádìí lórí ọkọ̀ ń sọ fún wa.

1. Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni ‘tọ́jọ́’. Inú ‘tó’ àti ‘ọjọ́’ ló ti wá: fáwẹ̀lì ‘tó’ di pípajẹ, ohùn òkè rẹ̀ sì bọ́ sórí ‘ọ’ tó tẹ̀ lé e. Ohun tó bá tọ́jọ́ ni ohun tí ọjọ́ ayé rẹ̀ gùn. Ìkejì ni ‘já … kulẹ̀’, ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là tí àbọ̀ máa ń wọ àárín rẹ̀. ‘Yọ … lẹ́nu’ náà bá a rìn. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí. Ìràwọ̀ dúró fún èyí tí kò bójú mu:

(1) Ọkọ̀ yìí já mi kulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún tó kọjá.
(2) *Ọkọ̀ yìí tọ́jọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún tó kọjá.
(3) Ọkọ̀ yìí tọ́jọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń yọ mí lẹ́nu.
(4) Ọkọ̀ yìí kì í já mi kulẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í tọ́jọ́.

Ìjákulẹ̀ ṣe é kà, nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ ni. Títọ́jọ́ kò ṣe é kà bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ọjọ́ ayé ohun kan ló ń wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìdí nìyí tí (1) fi dára tí (2) kò fi dára. Kò sí àtakò nínú (3), kò sì sí nínú (4): ọ̀kan kò fa èkejì. Ẹ kíyè sí ‘kì í’ pẹ̀lú. Ìyísódì ibá bárakú ni, òun la sì sábà máa ń lò láti yin ọkọ̀ tó ṣe é fọkàn tán, nítorí ohun tí a ń sọ ni pé láàárín ìgbà púpọ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú náà kì í wáyé.

Èdè Faransé ní ‘durable’ àti ‘fiable’. Èdè Jámánì fúnra rẹ̀ ní ‘langlebig’ fún ohun tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, àti ‘zuverlässig’ fún ohun tí a lè gbára lé. ‘Solide’ àti ‘lágbára’ ló ń da méjèèjì pọ̀.

2. Kí ni àwọn olùwọ̀n ń wọ̀n?

Ní Jámánì, òfin ní kí ọkọ̀ tuntun lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà ní ọdún méjì-méjì. Àwọn ilé-iṣẹ́ TÜV wà lára àwọn tó ń ṣe é, wọ́n sì ń tẹ àbájáde jáde lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí ọkọ̀. Bíréèkì, iná, ìpẹtà, èéfín àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Volkswagen Golf Sportsvan ló gba ipò kìíní nínú ìròyìn ti 2023. Honda Jazz láti Jàpáàn ló gbà á nínú ti 2025.

Ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò tó ń jẹ́ ADAC ń ka nǹkan mìíràn: iye ìgbà tí ọkọ̀ dákú sójú títì tí wọ́n fi ní láti lọ ràn án lọ́wọ́. Bátìrì ló ń fa ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá irú ìpè bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, J.D. Power ń bi àwọn tó ni ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta léèrè ìṣòro tí wọ́n rí, ó sì ń ṣírò rẹ̀ fún ọkọ̀ 100. Ní 2021, Lexus, tí Toyota ni ín, ní 81. Porsche ti Jámánì tẹ̀ lé e pẹ̀lú 86. Ní 2024, Lexus tún ló wà lókè, ṣùgbọ́n Audi àti Volkswagen wà láàárín àwọn tó kẹ́yìn. Ẹ rántí pé abẹ́ agboolé Volkswagen kan náà ni Porsche àti Audi wà. Nítorí náà, ‘ọkọ̀ Jámánì’ kì í ṣe ohun kan ṣoṣo.

Ohun tó so ìwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni pé ìṣẹ̀lẹ̀ tàbí àbùkù ni wọ́n ń kà. ‘Kì í yọni lẹ́nu’ ni wọ́n ń wádìí. Kò sí ọ̀kan tó ń dáhùn ìbéèrè ‘ṣé ó tọ́jọ́?’ tààrà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta kọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn àlòkù tó ń gúnlẹ̀ sí Kútọnu.

3. Níbo ni òkìkí náà ti wá?

Òkìkí títọ́jọ́ ni, ó sì ní ìdí. Mercedes ṣe ọkọ̀ W123 láàárín 1976 sí 1986, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 2.7. Púpọ̀ nínú wọn ṣe takisí ní àwọn ìlú Áfíríkà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì 240D kò yára rárá: agbára ẹṣin 65 péré ló ní níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní kọ̀ǹpútà, irin ló sì ń darí epo wọ inú rẹ̀.

Ọkọ̀ òde òní ní ohun èlò púpọ̀ sí i. Ká ní ohun èlò 100 ló gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, tí ìrètí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan á la ọdún kan já láìbàjẹ́ sì jẹ́ 99 nínú 100. Bí ìbàjẹ́ ọ̀kan kò bá ti ọwọ́ òmíràn wá, ìrètí pé gbogbo wọn á la ọdún náà já jẹ́ nǹkan bí 37 nínú 100. Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ náà tún ṣe pàtàkì: àwọn Mercedes kan láti ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1990 ní wáyà ẹ́ńjìnnì tí awọ rẹ̀ máa ń gbẹ tí á sì rún. Àmì ẹ̀yẹ iwájú wọn bá ti W123 mu, ìwà wọn kò bára mu.

Ohun kan tún wà tó ń tàn wá. Àwọn W123 tó ṣì ń rìn nìkan là ń rí. Àwọn tó ti di àjákù irin kò sí lójú títì kí a lè kà wọ́n.

4. Ọ̀rọ̀ kẹta: ṣe é tún ṣe

Gregorios Sachinidis, awakọ̀ takisí ní ilẹ̀ Gíríìsì, wa 240D ti 1976 kan títí ó fi rin mílíọ̀nù kìlómítà 4.6. Ó fi í fún ilé ọnà Mercedes-Benz ní 2004. Àpẹẹrẹ títọ́jọ́ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n léraléra ni wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ọkọ̀ náà tọ́jọ́ nítorí pé ó ṣe é tún ṣe, ohun èlò rẹ̀ wà, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wà. Ìyẹn ni gbólóhùn (3) ní ìṣe.

Fún ẹni tó ń ra ọkọ̀, ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ dípò ọ̀kan: Ṣé ó tọ́jọ́? Ṣé kì í jáni kulẹ̀? Bó bá bàjẹ́, ṣé a lè rí ẹni tún un ṣe níhìn-ín? Ọkọ̀ Jámánì àtijọ́ lè gba ‘bẹ́ẹ̀ ni’ fún ìkíní àti ìkẹta. Tuntun lè gba ‘bẹ́ẹ̀ ni’ fún ìkejì, kí ìkẹta sì di ìṣòro.

Fún àwa tí ń ṣe ìwádìí èdè, ẹ̀kọ́ náà sún mọ́ ilé. Bí ìwé ìbéèrè Faransé bá ní ‘solide’, tí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí ‘lágbára’, ìdáhùn tí a ó kó jọ kò ní ṣe é lò, nítorí olúkúlùkù á dáhùn ìbéèrè tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn (1) sí (4) dán ẹ̀ka-èdè yín wò kí ẹ tó kọ ìbéèrè. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó kọ ‘lẹ́ẹ̀mẹ́ta’ bí ‘tọ́jọ́’ ti kọ̀ ọ́, ẹ ti mọ èyí tó ń wọ̀n nínú méjèèjì.