Níbi Tí Òtútù Ti Ń La Ọ̀nà

Ní Ìlógbò-Èkìtì, bó ṣe rí ní Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, ojú ọjọ́ ló ń pàṣẹ fún ọ̀nà oko. Nígbà òjò, ọkọ̀ gedú a máa rì sínú ẹrẹ̀ títí táyà ò fi ní hàn mọ́. Kòkó á wà lóko, olóko á máa wo sánmà. Kí ọyẹ́ ṣáà ti dé ni. Tí oòrùn bá ti pa ilẹ̀ pupa yẹn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á le koránkorán, pikọ́ọ̀pù á wọlé, iṣu àti kòkó á jáde. Ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni agbaṣẹ́ṣe tí kì í gba owó kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ìhà àríwá Kánádà, òtútù ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Láti ọdún 1982 ni wọ́n ti ń la ọ̀nà kan lọ́dọọdún láti ìtòsí ìlú Yellowknife lọ sí ibi tí wọ́n ti wá ń wa dáyámọ́ǹdì báyìí, ìrìn nǹkan bíi 400 kìlómítà. Orí adágún tó ti dì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ gbà. Kò ju ìparí oṣù kìíní sí ìparí oṣù kẹta lọ tí ọkọ̀ fi ń rìn níbẹ̀, láàárín ìgbà kúkúrú yẹn ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó epo dísù, sìmẹ́ǹtì àti irin iṣẹ́ ọdún kan gbáko wọlé.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kàn wa ọkọ̀ sórí omi o. Wọ́n á kọ́kọ́ gbá yìnyín kúrò lójú adágún, torí pé yìnyín tó bò ó kì í jẹ́ kí òtútù ráyè mú omi ìsàlẹ̀ dì dáadáa. Wọ́n á máa wọn bó ti nípọn tó; àjàgbé tó kún fọ́fọ́ ń fẹ́ nǹkan bíi mítà kan. Awakọ̀ tó bá ti di ẹrù kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 25 lọ ní wákàtí kan. Bí ọkọ̀ ṣe ń lọ, ìgbì ń rú lábẹ́ omi dídì náà, yóò sì máa ṣáájú rẹ̀. Tí eré bá pọ̀, ìgbì náà á kọlu etí adágún, ojú ọ̀nà á là. Ẹni tó kánjú lè ba ọ̀nà jẹ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lọ́dún 2006, òtútù ò mú tó. Wọ́n ti ọ̀nà náà láìtọ́jọ́, ẹrù ṣì wà nílẹ̀, bàálù ni wọ́n fi gbé epo lọ. Iléeṣẹ́ dáyámọ́ǹdì lè san owó bàálù. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó wà ní àríwá ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà ńkọ́, tó jẹ́ pé irú ọ̀nà báyìí ni oúnjẹ, epo àti pákó ilé kíkọ́ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn? Ní oṣù kejì ọdún 2024, àwọn olórí Nishnawbe Aski Nation, tó kó ìlú ọmọ ìbílẹ̀ 49 jọ, kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì, torí ọ̀nà wọn kò dì tó.

Láti ọdún 1979, ooru agbègbè Arctic ti ń yára pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti gbogbo ayé. Kì í sì í ṣe orí omi nìkan ló ń yọ́. Ilẹ̀ abẹ́ ilé pàápàá ti dì láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ri òpó ilé àti ti táńkì sí. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2020, táńkì epo kan ya ní ìlú Norilsk ní Rọ́ṣíà, epo dísù tó ju 20,000 tọ́ọ̀nù lọ sì dà sílẹ̀ àti sínú odò. Iléeṣẹ́ tó ni ín ní ilẹ̀ dídì tó yọ́ ló fà á. Àwọn tó ń bójú tó irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ìjọba ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò dáa látilẹ̀, àti pé wọn ò mójú tó o. Mo gba ti ìkejì gbọ́ jù. Ojú ọjọ́ ò ní lọ́yà, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti di ẹ̀bi rù ú. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn tó lé ní 146 bílíọ̀nù ruble lé iléeṣẹ́ náà.

Lórí irú ilẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀ náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, Kánádà ṣí ọ̀nà tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn kan láti Inuvik dé Tuktoyaktuk létí Òkun Arctic: 138 kìlómítà, nǹkan bíi 300 mílíọ̀nù dọ́là tiwọn. Lọ́dọ̀ wa, kátákátá á kọ́kọ́ hú koríko, á kó ilẹ̀ òkè dànù. Lọ́hùn-ún, èèwọ̀ ni. Koríko àti ewéko kéékèèké yẹn ni kì í jẹ́ kí ooru ráyè dé ilẹ̀ dídì. Aṣọ líle ni wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ lé e, ìgbà òtútù ni wọ́n sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, àwọn ibì kan ti ń rì lójú ọ̀nà ọ̀hún, àtúnṣe rẹ̀ sì ń gbówó. Ní Tuktoyaktuk tí wọ́n tìtorí rẹ̀ là á, òkun ń jẹ etí ilẹ̀ wọlé, wọ́n sì ti gbé àwọn ilé kan kúrò létí omi.