Ilé Ẹjọ́ Ìta Tinúbú



Ọ̀pọ̀ wa tó ń lọ kó ọjà l'Ékòó ló ti gba Ìta Tinúbú kọjá. Omi tó ń tú sókè tí a máa ń rí níbẹ̀, àwọn ará Lẹ́bánónì ló fi ta Nàìjíríà lọ́rẹ fún òmìnira 1960. Ṣùgbọ́n kí omi náà tó dé, ilé ẹjọ́ ló wà níbẹ̀. Òyìnbó gba Èkó ní 1861. Nígbà tó di 1863, wọ́n dá kóòtù tí wọ́n ń pè ní Supreme Court sílẹ̀, nígbà tó yá ló wá ní ilé ní Ìta Tinúbú.

Ọlọ́jà bíi tiwa ló ni orúkọ yẹn o. Ẹfúnróyè Tinúbú ta iyọ̀, ó ta tábà, ó sì ta ẹrú pẹ̀lú, a ò ní torí pé obìnrin ni ká bò ó mọ́lẹ̀. Campbell, aṣojú ìjọba òyìnbó, lé e kúrò l'Ékòó ní 1856. Ó gba Abẹ́òkúta lọ, wọ́n fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, ibẹ̀ ló kú sí ní 1887. Àwọn tó lé e ló wá ń dé wíìgì dájọ́ ní ìta tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀!

Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Apapa, Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, pe ẹjọ́ l'Ékòó. Kò dùn mọ́ ọn. Ó gbé e dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní ilẹ̀ ẹbí ni, kí ìjọba san owó rẹ̀. Ẹ gbọ́ ná, àkọsílẹ̀ kóòtù Èkó ni wọ́n gbé yẹ̀ wò l'ọ́hùn-ún. Ká ní ó ti jóná ńkọ́?

Wọ́n ti wó ilé Ìta Tinúbú, ó ku fọ́tò. Kóòtù Gíga Èkó tó wà ní Igbosere, iná ni wọ́n sọ sí i nígbà wàhálà EndSARS ní oṣù kẹwàá 2020, fáìlì ẹjọ́ sì jóná mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Okitipupa, nítòsí wa níbí.

Ìdí tí a fi ń sọ ọ́ nìyí. Nínú wa, ẹni tó gba ìdájọ́ lórí ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kọ̀ ní kóòtù kọ́sítọ́márì, ẹni tó jàre gbèsè, bí a bá béèrè ìwé, “ó wà ní kóòtù” ni wọn yóò wí. Kóòtù lè jó. Òjò lè wọ ilé, ikán lè jẹ fáìlì. Ẹ lọ bá akọ̀wé kóòtù, ẹ ní ẹ fẹ́ ẹ̀dà ìdájọ́ tó ní òǹtẹ̀. Ẹ san owó rẹ̀, ẹ gba rìsíìtì. Ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn fún ọmọ yín tó mọ̀wé.

Ẹni tí kò bá mọ bí yóò ṣe béèrè, kó mú ọjọ́ ìdájọ́ àti nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. A ó bá a kọ lẹ́tà.