Àtàǹpàkò Ò Lójú, Síbẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Ṣìnà

Ẹ gbọ́ ná! Télọ̀ tó mọṣẹ́ kì í wo ẹsẹ̀ kó tó wa máṣíìnì. Ohun tí Gunpei Yokoi ti ilé iṣẹ́ Nintendo ní Japan ń wá nìyẹn, nígbà tó ń ṣe ẹ̀rọ géèmù tó ṣeé pa dé bí ìwé. Tó bá fi ọ̀pá sí i bíi ti ẹ̀rọ ńlá, kò ní í ṣeé pa dé. Tó bá fi bọ́tìnì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àtàǹpàkò á ṣìnà, ojú á kúrò nínú eré, ló bá tán! Ni Yokoi bá so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ bí àgbélébùú, ó gbé e sọ́wọ́ òsì. Bọ́tìnì fífò wà lọ́tùn-ún. Ọdún 1982 ni Donkey Kong alápò yìí jáde. Nígbà tí Game Boy dé ní 1989, ọwọ́ òsì náà ni àgbélébùú wà. Ẹni bá ń ṣe irinṣẹ́, ọwọ́ tó máa lò ó ni kó kọ́kọ́ bi.