Ṣé ẹ̀rù ló ń ba obìnrin ni, àbí ìṣirò ló ń ṣe?

Ọ̀rọ̀ ọjà la fẹ́ sọ lónìí: owó yíyá.

Àwọn kan máa ń sọ pé obìnrin kò láyà, pé tí báńkì bá fún un lówó ńlá, kò ní mọ ohun tó máa fi ṣe. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa.

Ìyá tó ń yan gàrí, tó ní 50 000 fáráńkì tó òun, nígbà tí ọkùnrin ń béèrè 500 000, kì í ṣe ojo. Nínú owó ọjà rẹ̀ yẹn náà ni oúnjẹ ilé, oògùn ọmọ àti owó ìwé ti ń jáde. Bí ọjà bá bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní ilẹ̀ tàbí oko kajú tí wọ́n lè fara tì. Ní ti ìyá yìí, ilẹ̀ ọkọ ló ń dá, kò níwèé tó lè fi ṣe ìdógò. Ìfura loògùn àgbà.

Ta ló wá ń san gbèsè jù? Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 wo ilé-iṣẹ́ owó yíyá kékeré 350 ní orílẹ̀-èdè 70. Níbi tí obìnrin bá ti pọ̀ láàrin àwọn tó ń yá owó, gbèsè tí kò wọlé máa ń kéré. Ní Ítálì, ìwádìí mìíràn ní 2013 rí i pé obìnrin oníṣòwò ń san èlé tó ju ti ọkùnrin lọ ní báńkì, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹ̀rí pé àwọn ni kì í san gbèsè. Ṣé ẹ rí i?

Nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, ìjọba bẹ̀rẹ̀ owó yíyá kékeré ní 2007, 30 000 fáráńkì, obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gbà á. Ní 2020, ti Alafia dé, èyí tó ń gba orí tẹlifóònù wọlé. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà rẹ̀ ti dàgbà nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá wá lọ sí ilé-iṣẹ́ owó, kó mọ ìṣirò.

Òfin àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí a jọ ń ná fáráńkì sẹ́fà sọ pé ilé-iṣẹ́ owó yíyá kékeré kò gbọ́dọ̀ gbà ju 24 lórí 100 lọ lọ́dún, pẹ̀lú owó ìwé àti gbogbo rẹ̀. Ẹ mú bébà. Ẹ yá 100 000 fún oṣù 6. Bó bá jẹ́ pé ìparí oṣù kẹfà lẹ máa dá gbogbo rẹ̀ padà, èlé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 12 000 lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ iye kan náà lẹ ń dá padà lóṣooṣù, owó tó kù lọ́wọ́ yín ń dín kù, èlé náà gbọ́dọ̀ máa dín kù: ó máa jẹ́ bíi 7 000. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa san lóṣooṣù, tí wọ́n ṣì gba 12 000, wọ́n ti kọjá òfin nìyẹn. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka.

Ẹ wo àsìkò náà. Bó bá jẹ́ owó kajú lẹ fẹ́ fi san, ẹ má gbà kí ọjọ́ ìsanwó bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, nígbà tí kajú ti tán. Bó bá jẹ́ owó ẹgbẹ́, ẹ rántí pé ẹni kan kò san, gbogbo yín lẹ máa san.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú o: bí ìyàwó bá yá owó, tí ọkọ gbà á fi ra alùpùpù, orúkọ ìyàwó ló wà nínú ìwé. Òun ni wọ́n máa wá bá.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ yín lọ́sẹ̀ yìí: Ta ló ń pinnu iye tí obìnrin máa yá nílé yín? Tí ọjà bá bàjẹ́, kí ló ní tó lè fara tì? Ẹ dáhùn, kẹ́ ẹ fi ìdáhùn yín ránṣẹ́ sí wa. Ẹ kú ọjà o.